Kíkà Mẹ́rin, Ìwàásù Kan: Èwo Ni Kí Ẹ Dì Mú?

Bí ìjọ yín bá ń tẹ̀ lé ètò kíkà Bíbélì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, wàhálà pé ibo ni ẹ óò ti wàásù lọ́sẹ̀ yìí ti kúrò lọ́rùn yín. Wọ́n ti yan kíkà fún yín. Ohun tí wọn kò yàn fún yín ni èyí tí ẹ óò gbájú mọ́ nínú mẹ́rin tí wọn yóò kà sétí ìjọ: ọ̀kan láti inú Májẹ̀mú Láéláé, Sáàmù, Epístélì (lẹ́tà àwọn àpọ́sítélì) àti Ìhìnrere. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fún yín. Ìkéde ń dúró, ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí ń dúró, àwọn tó ní ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń péjọ síta.

Àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ni katikíìsì, ọmọ ìjọ tí wọ́n fún láṣẹ láti máa wàásù, àti àlùfáà ọ̀dọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń fi ìsìn Yorùbá aago méje lé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ní Fàájì tàbí ní Èbúté-Mẹ́ta. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ilé wọn sì wà lókè odò lọ́hùn-ún. Orí afárá ni wọ́n ti ń ronú ìwàásù.

Èmi fara mọ́ mímú ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ka ìyókù kà á dáadáa, kó ṣe é gbọ́ ketekete, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni ẹ óò mú? Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ohun tó ń fúnni, ó sì ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Bí wọ́n ṣe to ètò náà

Ètò tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì káàkiri ayé ń lò, Revised Common Lectionary, jáde ní 1992. Orí èyí tí ìjọ Kátólíìkì gbé jáde ní 1969 ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ọdún mẹ́ta ni méjèèjì fi ń yí po. Mátíù ló ni Ọdún A, Máàkù ló ni B, Lúùkù ló ni C. Jòhánù kò ní ọdún tirẹ̀. Àsìkò Lẹ́ńtì àti Àjíǹde ni wọ́n ti ń kà á jù, ó sì tún máa ń gba Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún mọ́ Máàkù lọ́wọ́ ní Ọdún B, nígbà tí wọ́n bá dé orí kẹfà rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọdún tí a wà, ẹ fi mẹ́ta pín in. Bí kò bá ṣẹ́ku, C ni. 2025 pín dọ́gba, C ni. 2026 ṣẹ́ ọ̀kan kù, A ni. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì ni ọdún ìjọ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà 30 oṣù Kọkànlá 2025 ni Ọdún A yìí ti wọlé.

Ibì kan wà nínú ètò náà tí ọ̀pọ̀ oníwàásù kì í kíyè sí. Ní Ádífẹ́ǹtì, ní Kérésì, ní Lẹ́ńtì àti ní Àjíǹde, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yan àwọn kíkà náà kí wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, ó yàtọ̀. Epístélì á máa lọ lọ́nà tirẹ̀, orí tẹ̀ lé orí, láìbìkítà ohun tí Ìhìnrere ń sọ. Ọ̀nà méjì ni Májẹ̀mú Láéláé sì ní nínú ètò 1992: ọ̀nà kan ń sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀, ìkejì ń yan ibi tó bá Ìhìnrere ọjọ́ náà mu. Ọ̀nà kejì yìí nìkan ni Kátólíìkì ní. Ìjọ tó bá mú ọ̀kan ní láti dúró tì í títí àsìkò náà yóò fi parí. Bí ẹ bá ń fò láti ìhín sí ọ̀hún, ìtàn á já, ìbáramu náà á sì já.

Ẹni tó bá wá jókòó ní òru Ọjọ́bọ̀, tó ń wá okùn tó so Róòmù mọ́ òwe afúnrúgbìn nínú oṣù Keje, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi síbẹ̀ ló ń wá. Kò ní ṣàì rí okùn kan ṣá, nítorí kò sí ẹsẹ Bíbélì méjì tí a kò lè fi ipá so. Ìjọ máa ń mọ̀ bí ó bá jẹ́ ipá.

Ọjọ́ kan, ètò mẹ́rin

Ẹ jẹ́ ká fi 12 oṣù Keje 2026 ṣe àpẹẹrẹ.

| Ètò | Ohun tí wọ́n yàn |
|---|---|
| Ti 1992, ọ̀nà ìtàn | Jẹ́nẹ́sísì 25:19-34, Sáàmù 119:105-112, Róòmù 8:1-11, Mátíù 13:1-9, 18-23 |
| Ti 1992, ọ̀nà ìbáramu | Aísáyà 55:10-13, Sáàmù 65, Róòmù àti Mátíù bíi ti òkè |
| Kátólíìkì | Aísáyà 55:10-11, Sáàmù 65, Róòmù 8:18-23, Mátíù 13:1-23 tàbí 1-9 |
| Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 (Ọjọ́ Ìsinmi kẹfà lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan) | Róòmù 6:3-11. Mátíù 5:20-26 |

Bí ìjọ yín bá ń tẹ ìwé kíkà tirẹ̀ jáde, èyíinì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Àpẹẹrẹ lásán lèyí. Ẹ ṣáà kíyè sí i pé ọkọ tó ń lọ sí Kátólíìkì àti ìyàwó tó ń lọ sí Áńgílíkà lè gbọ́ òwe kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí Róòmù tí wọ́n gbọ́ sì yàtọ̀.

Ìhìnrere: ó yá, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ ọ́n

Bí ó bá jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ tó ráyè jókòó, Ìhìnrere ni kí ẹ mú. Òun ni òpó ètò náà. Ìtàn ni ó sábà máa ń jẹ́, ìtàn sì ń gbé ara rẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ẹ kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ọba Ásíríà kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ewu rẹ̀ ni pé àwọn ìyá tó wà ní ìjókòó iwájú ti gbọ́ òwe afúnrúgbìn láti ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá ti ní «afúnrúgbìn kan jáde lọ», wọ́n ti dé ilẹ̀ rere kí ẹ tó dé ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹni tó bá ń pín ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gbadọ́gba, ìṣẹ́jú márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún wọn ní ọ̀nà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ilẹ̀ kan ni ó yẹ kí ẹ dúró lé. Ní Èkó, ẹ̀gún ni. Ẹsẹ 22 sọ ohun tí ẹ̀gún náà jẹ́ gan-an: àníyàn ayé yìí àti ìtànjẹ ọrọ̀. Owó ilé ọdún méjì tí onílé fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan, owó iléèwé tó ń bọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, aṣọ ẹbí tí a kò lè kọ̀. Ẹni tó wà láàárín ẹ̀gún kò kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀. Ó gbà á, ó hù, kò kàn rí àyè so èso ni. Ẹ ó rí i pé ìjọ á dákẹ́ níbẹ̀.

Ẹ tún wo iye tí Mátíù sọ. Ó ní ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta, ọgbọ̀n. Máàkù ló bẹ̀rẹ̀ láti ọgbọ̀n tó gòkè dé ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wàásù Mátíù pẹ̀lú ètò Máàkù, a ó máa gùnkè, ìlù á wọlé, ìjọ á dìde. Mátíù ń sọ̀ kalẹ̀ ni, ó sì pe ẹni tó so ọgbọ̀n ní ilẹ̀ rere bákan náà. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà tó ti ẹnìkejì nílò ìwàásù yẹn ju ti ọgọ́rùn-ún lọ.

Kí ẹ sì wo àmì tó wà láàárín ẹsẹ 9 àti 18. Ètò 1992 fo ẹsẹ mẹ́jọ, ibi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti béèrè ìdí tí ó fi ń fi òwe sọ̀rọ̀, tí Jésù sì fi ọ̀rọ̀ Aísáyà dáhùn nípa àwọn tó ń gbọ́ tí kò yé wọn. Kátólíìkì fi í sínú kíkà gígùn wọn. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí irú àmì bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí Bíbélì kí ẹ ka ohun tí wọ́n fò. Àwọn bàbá kan wà tó máa ń ka orí náà tán kí ẹ tó gorí àga ìwàásù, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti máa ń béèrè.

Májẹ̀mú Láéláé: ó gba àkókò, ó sì sún mọ́ wa jù

Nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ìsìn Yorùbá, pàápàá bí ìjọ yín bá mú ọ̀nà ìtàn. Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 25. Rèbékà lóyún ìbejì. Ísọ̀ kọ́kọ́ jáde, Jékọ́bù tẹ̀ lé e, ó di gìgísẹ̀ arákùnrin rẹ̀ mú. Ọlọ́run ti sọ ṣáájú pé ẹ̀gbọ́n ni yóò máa sin àbúrò.

Ẹ kò lè ka èyí níwájú ìjọ Yorùbá kí ẹ sì kọjá lọ. Lọ́dọ̀ wa, Táyéwò ló ń kọ́kọ́ jáde, Kẹ́yìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán èkejì rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò. Bí a bá fi ojú wa wò ó, Ísọ̀ ni Táyéwò, Jékọ́bù ni Kẹ́yìndé, ẹni tí Bíbélì ń pè ní àbúrò sì di ẹ̀gbọ́n. Ìyá ìbejì tó jókòó níwájú yín ti ro èyí kí ẹ tó dé ẹsẹ 26. Bí ẹ kò bá mẹ́nu kàn án, òun á fúnra rẹ̀ parí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wàásù lọ, kò sì ní gbọ́ ìyókù. Ẹ sọ ọ́ tààrà: nílé Ísáákì, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni àkọ́bí, Diutarónómì 21:17 sì sọ ohun tí àkọ́bí ń gbà, ìpín méjì nínú ohun ìní bàbá. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí tiwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀ kọ́ ló ń sọ ẹni tó ṣáájú. Ohun tí Jẹ́nẹ́sísì fi kún un ni pé Ọlọ́run tún lè yan ẹni tí ìlànà ilé kò yàn, àní ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tíì dára.

Ipò àkọ́bí náà kò nílò àlàyé gígùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ ní «Dáwódù», ó ti tó. Wọ́n mọ ẹni tó ń di olórí ẹbí, tí kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá ń bọ́ sí lọ́wọ́, tí wọ́n ń wò lójú kí wọ́n tó pín ohunkóhun. Wọ́n sì mọ ẹbí tí ilé ti lọ mọ́ lọ́wọ́ nítorí owó tí kò tó nǹkan. Kí ọkùnrin kan wá ta ìyẹn fún àwo ìpẹ̀tẹ̀ kan, nítorí pé ebi ń pa á lọ́sàn-án ọjọ́ kan! Ìwàásù náà ti wà níbẹ̀. Kí ẹ má ṣáà jẹ́ kí ó parí sí «ẹ má ṣe bíi Ísọ̀». Jékọ́bù náà kò ṣe é fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ yín: ẹ óò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ìtàn náà gba Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin. 12 oṣù Keje ni ogún ìbí, 19 ni àkàbà ní Bẹ́tẹ́lì, 26 ni ilé Lábánì pẹ̀lú Líà àti Rákélì, 2 oṣù Kẹjọ sì ni ìjàkadì ní odò Jábókù. Odidi orí 27 kò sí níbẹ̀, ibi tí Jékọ́bù ti fi awọ ewúrẹ́ bo ọwọ́, tó jí ìbùkún gbà lọ́wọ́ bàbá tí kò ríran mọ́. Ẹni tó bá wàásù Bẹ́tẹ́lì láìsọ orí 27 yóò jẹ́ kí ìjọ rò pé ọmọ dáadáa tó ń rìnrìn àjò ni Jékọ́bù, nígbà tó jẹ́ pé sísá ló ń sá lọ. Ìṣẹ́jú méjì péré tó láti sọ ọ́, ẹ má fò ó.

Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀nà ìbáramu ni ìjọ yín mú, Aísáyà 55 ni ẹ óò bá pàdé: òjò ń ti ọ̀run wá, kò ní padà síbẹ̀ láìbomi rin ilẹ̀, kó fi irúgbìn fún afúnrúgbìn àti oúnjẹ fún ẹni tó fẹ́ jẹun. Ó bọ́ sí àkókò rẹ̀ gan-an. Àgbàdo tí wọ́n ń sun lẹ́bàá ọ̀nà ní oṣù Keje, òjò ọdún yẹn ló gbé e jáde. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà àti Keje náà ni omi máa ń wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn ní Èkó. Kí ẹ tó pariwo òjò ìbùkún, ẹ rántí ẹni tó gbé tìmùtìmù sí orí tábìlì kó tó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Epístélì: fún ẹni tó ń wàásù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ní Ọdún A, Róòmù á máa lọ láti lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì títí wọ inú oṣù Kẹsàn-án. Fún àlùfáà tó wà lórí àga ìwàásù náà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, oúnjẹ gidi ni. Fún ẹni tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn. Róòmù 8:1 sọ pé kò sí ẹ̀bi mọ́ fún àwọn tó wà nínú Kristi Jésù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ní tóbi létí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ka orí 7, tí Pọ́ọ̀lù ń kígbe pé ohun tí òun kò fẹ́ gan-an ni òun ń ṣe. Ẹ gbọ́dọ̀ tún orí 7 sọ kí ẹ tó lè sọ orí 8, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ.

Ó tún le ní ti pé kò sí ìtàn nínú rẹ̀. «Ara» àti «Ẹ̀mí» á máa bọ̀, á máa lọ; bí ẹ kò bá ní ènìyàn kan tí ẹ lè fi hàn tó ń ṣe nǹkan kan, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún oorun. Mo ti gbọ́ ìwàásù Róòmù tó dára púpọ̀. Gbogbo ẹni tó wàásù rẹ̀ ló ti jókòó ti ìwé náà pẹ́.

Sáàmù

Ìdáhùn sí kíkà àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ṣe nínú ètò náà, nítorí náà mi ò sábà gbà kí ẹ mú un ṣe ìwàásù. Ẹ fi parí àdúrà yín. «Ọ̀rọ̀ rẹ ni fìtílà fún ẹsẹ̀ mi» kò nílò àlàyé fún ará Èkó tó mọ òkùnkùn. Ẹni tó sì ń retí Sáàmù 109 kó lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀tá rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Kò bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi kankan nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Híhun gbogbo rẹ̀ pọ̀

Èyí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fẹ́ràn jù, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún gbogbo kíkà náà. Ogún ìṣẹ́jú pín sí mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún ni. Kí ni ẹ fẹ́ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ nípa Róòmù 8? Ní Lẹ́ńtì tàbí Ádífẹ́ǹtì, ẹ lè mú méjì, nítorí wọ́n yàn wọ́n láti bára wọn sọ̀rọ̀. Aísáyà 55 àti Mátíù 13 náà ṣeé mú pọ̀: irúgbìn wà nínú méjèèjì, ìlérí Aísáyà pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò ní padà lófo sì ń dáhùn ohun tí ilẹ̀ mẹ́ta tí kò so èso fi ń bani lọ́kàn jẹ́. Méjì lópin. Mẹ́rin, rárá.

Ìwé Àdúrà àtijọ́ àti ètò ọlọ́dún mẹ́ta

Àwọn ìjọ kan ṣì ń lo kíkà Ìwé Àdúrà ti 1662 ní ìsìn Ìdàpọ̀ Mímọ́, Epístélì àti Ìhìnrere nìkan, ohun kan náà lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀dọ́ a máa kùn sí i. Èmi rí agbára kan níbẹ̀: bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ti gbọ́ kíkà náà débi pé ó ń retí rẹ̀, àdúrà kúkúrú ọjọ́ náà sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Òwe afúnrúgbìn níbẹ̀ máa ń bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi kejì ṣáájú Lẹ́ńtì, láti inú Lúùkù 8. Ní 2026, 8 oṣù Kejì ni. Oòrùn ń mú, ilẹ̀ gbẹ, àwọn tó ní oko lápá Ẹ̀pẹ́ ń ṣán igbó, wọ́n ń dúró de òjò. Ìwàásù nípa irúgbìn tó wà lọ́wọ́ tí a kò tíì gbìn yàtọ̀ sí èyí tí a ṣe nígbà tí àgbàdo ti wà lórí iná.

Àìdára rẹ̀ ni pé Májẹ̀mú Láéláé fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ní ìsìn náà, àfi ní Ìsìn Òwúrọ̀. Oníwàásù náà sì lè yọ ìwé èṣí jáde. Ìjọ máa ń mọ̀.

Ní ti yíyan ìwé kan kí ẹ wàásù rẹ̀ láti orí kìn-ín-ní dópin, ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, láti ìgbà àwọn alátùn-únṣe ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì: Zwingli bẹ̀rẹ̀ Mátíù ní Zurich ní 1 oṣù Kìn-ín-ní 1519, Calvin sì padà sí Geneva ní 1541 tó ń bá ibi tó dúró sí lọ. Ìjọ tó ní oníwàásù kan ṣoṣo ló bá mu. Ní ìjọ tí ènìyàn mẹ́fà ń wàásù lóṣù méjì, kò rọrùn.

Ọjọ́ ìkórè

Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyí, nítorí pé ní Èkó, ìkórè lè gba ọjọ́ náà mọ́ ètò kíkà lọ́wọ́. Bí ìkórè yín bá bọ́ sí 15 oṣù Kọkànlá 2026, Mátíù 25:14-30 ni Ìhìnrere, òwe tálẹ́ńtì. Ìdánwò ńlá ni. Ẹni tó gbé owó rẹ̀ bọ ilẹ̀ á di ẹni tí kò tíì san owó ìkórè, ọ̀gá tó bínú á sì di ìgbìmọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí kíkà padà sí Diutarónómì 26, níbi tí ẹni tó gbé àkọ́so èso wá ti ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ tó jẹ́ alárìnkiri. Ìyẹn ni kíkà ìkórè tòótọ́.

Tàbí kí ẹ wo kíkà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kan náà lọ́nà ìtàn: Onídàájọ́ 4:1-7. Dèbórà jókòó lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń dá ẹjọ́. Ibẹ̀ nìkan ni ìwé Onídàájọ́ ti yọ ojú ní Ọjọ́ Ìsinmi nínú ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi ò ní jẹ́ kí ó kọjá.

Ẹ fi Yorùbá múra sílẹ̀

A máa ń ka ìwé àlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì, a ń kọ ìwàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì, orí àga ìwàásù la ti ń túmọ̀ rẹ̀. Ó yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn á máa gùn, á máa yí, ẹni tó ń gbọ́ á sì mọ̀ pé a ń wá ọ̀rọ̀. Ìwé àlàyé kò ṣòro láti kà ní èdè tó bá wà. Ìwàásù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Nígbà tí Àjàyí Crowther ṣe ìsìn Yorùbá ní Freetown ní 9 oṣù Kìn-ín-ní 1844, tó mú Lúùkù 1:35 ṣe ẹsẹ ìwàásù, kò sí Bíbélì Yorùbá tó lè ṣí. Odidi rẹ̀ kò jáde títí di 1884. Ó ní láti wá Yorùbá fún kíkà náà kó tó wá Yorùbá fún ìwàásù. Ẹ ka kíkà ọ̀sẹ̀ náà sókè nínú Bíbélì tí wọn yóò lò gan-an nínú ìsìn. Bí ẹ bá wàásù láti inú èyí tó yàtọ̀, ẹsẹ tí ẹ ń tọ́ka sí kò ní bá ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ mu.

Bí ó bá jẹ́ ìsìn àpapọ̀ tó ní ògbufọ̀, ẹ gé ìwàásù náà sí méjì kí ẹ tó kúrò nílé. Ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú ògbufọ̀, mẹ́wàá ni.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà

Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìwé ìpín iṣẹ́ ìwàásù oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀ fún Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin tó tẹ̀ léra, ẹ mú Jékọ́bù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 12 oṣù Keje. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ fún méjì tí kò tẹ̀ léra, Ìhìnrere ni, kí ẹ má sì dá ara yín lóró pẹ̀lú Róòmù. Bí ẹnìkan bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Jékọ́bù ṣáájú yín, ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ bi í bóyá ó ti sọ orí 27. Ẹni tó bá sì gba ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Jábókù, ní 9 oṣù Kẹjọ, Jósẹ́fù àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ni yóò bá pàdé, Jẹ́nẹ́sísì 37. Kó tètè mọ̀.